Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò padà: bẹ́ ẹ ṣe máa sítáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, àti ibi tẹ́ ẹ máa wò tó bá kọ̀

Àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ní Òṣogbo níbí, Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ l'Ékòó, kó tó dìgbà yẹn náà àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ réluwé ti ń gùn ún, torí náà tẹ́ ẹ bá wá a dáadáa ẹ ò ní ṣàì rí ọ̀kan lẹ́yìnkùlé ẹnì kan l'Ókè-Báálẹ̀ tàbí n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun, tí koríko ti gba ojú wíńdò ẹ̀ wọlé. Ẹ ti rà á, ẹ ti tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ palẹ̀, ẹ ti ra písítìnnì àti rìńgì àti bẹ́árìnnì ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ọ̀gá ti tò ó, ó ti padà sẹ́yìn mọ́tò. Ó ku kọ́kọ́rọ́ yíyí. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ oṣù mélòó kan jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá kú lójú ọ̀nà, nǹkan kan ló gbó tàbí tó já. Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ò rí bẹ́ẹ̀, nǹkan inú ẹ̀ ò tíì ráyè gbó, tó bá kọ̀ láti jí, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló fi nǹkan síbi tí kò yẹ. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí bẹ́árìnnì àti kráńkì, ibi tọ́wọ́ kàn kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: wáyà, hóòsì, dísítríbútọ̀ (tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), tápẹ́ẹ̀tì (tó ń ti fáàfù ṣí). Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá yí táímíìnì (ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta), tẹ́ ẹ yí kabúrétọ̀, tẹ́ ẹ tún pààrọ̀ kọ́ọ̀lì (tó ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì) lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá wá jí ẹ ò ní mọ ohun tó jí i, tó bá sì burú sí i ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọ́ìlì, kó tó kan ohunkóhun

Lítà 2.5 péré lọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, kò sì ní fílítà ọ́ìlì bíi tàwọn mọ́tò òde òní, asẹ́ wáyà kan ló wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́fà ló di ìdérí asẹ́ yẹn mú, kí kálukú wọn ní wáṣà kọ́pà tiẹ̀, ẹ má sì fi agbára bọ̀ ọ́ o, tẹ́ ẹ bá fún un jù òwú ẹ̀ á já, ọ́ìlì á wá máa kán síbẹ̀ títí ayé. Ní ti irú ọ́ìlì, èmi ò kí ń lo èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún Toyota tuntun. SAE 40 tàbí 20W-50 tó ní zinc dáadáa nínú ló tọ́ sí i, torí pé kámúṣáfù Ìjàpá (ọ̀pá tó ń mú kí fáàfù ṣí) àtàwọn lífítà tó ń tì ń fi ara ha ara ni, kò sí róòlà láàárín wọn. Ọ́ìlì synthetic olówó gọbọi, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí rìńgì jókòó kẹ́ ẹ tó ronú nípa ẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti da ọ́ìlì sí i, ẹ má tíì jẹ́ kó gbiná. Ẹ kọ́kọ́ fi sípánà 30 yí bóòtù pọ́líì kráńkì lọ́wọ́, bí aago ṣe ń yí, ìyípo méjì gbáko. Ó yẹ kó le díẹ̀ káàkiri, àmọ́ tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́ tó wá dédé gán síbì kan, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi kíkísítátà jà á. Tó bá yí tán dáadáa, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà orí kọ́ọ̀lì tí wọ́n kọ 15 sí, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sinmi kí kíkísítátà tutù, kó tún yí i. Nígbà tí ò sí púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì ò ní bátìrì jà, á máa yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, páńpù ọ́ìlì á sì ráyè fa ọ́ìlì gòkè.

Iná ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ máa wò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ń tàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, torí gúlóòbù tó ti jó náà kì í tàn, ẹ lè máa yọ̀ pé ọ́ìlì ti gòkè nígbà tó jẹ́ pé gúlóòbù ló kú. Tí kò bá tàn, ẹ yọ wáyà orí súwíìṣì ọ́ìlì tó wà nítòsí ìdí dísítríbútọ̀, ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì. Tó bá tàn, súwíìṣì ló níṣòro, tí kò bá tàn, gúlóòbù tàbí wáyà ni.

Tí iná bá tàn tó sì kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ yí i, ẹ kú oríire, ẹ lè máa lọ síwájú. Tẹ́ ẹ bá ti yí i léraléra tí kò kú, ẹ má gbà fẹ́ni tó bá sọ pé tó bá ti gbiná á kú fúnra ẹ̀. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí páńpù ọ́ìlì, ẹ wò ó bóyá ahọ́n ẹ̀ wọ ojú ihò kámúṣáfù dáadáa, bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ̀ nípọn jù. Ẹ fi fásílíìnì kún inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e padà, ìyẹn máa ń ràn án lọ́wọ́ láti fa ọ́ìlì nígbà àkọ́kọ́, ọ́ìlì gbígbóná á sì yọ́ ọ dànù tó bá yá. Ẹ tún wo písítìnnì kékeré inú ihò tó ń dín agbára ọ́ìlì kù nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bóyá ìdọ̀tí ti há a mọ́bẹ̀. Ẹ sì wo rọ́bà ìdí kúlà ọ́ìlì, ìwọ̀n méjì ló wà, 8 àti 10, ọlọ́jà sì lè kó èyí tí ò bá tiyín mu fún yín láìmọ̀, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì á máa tú jáde lábẹ́ ilé fáànù níbi tójú ò tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ḿbà 1 dà?

Ibí yìí ni wàhálà tó pọ̀ jù ti ń wá, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ dúró sẹ́yìn mọ́tò, kẹ́ ẹ kọjú síbi tí mọ́tò kọjú sí. Sílíńdà 1 àti 2 wà lápá ọ̀tún yín, 1 ló jìnnà sí yín, 2 ló sún mọ́ yín. 3 àti 4 wà lósì, 3 ló jìnnà, 4 ló sún mọ́ yín. Bí wọ́n ṣe ń gbiná tẹ̀ lé ara wọn ni 1, 4, 3, 2, rótọ̀ inú dísítríbútọ̀ sì ń yí bí aago ṣe ń yí. Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé Datsun àti Corolla ló ti ń ṣe látìgbà tó ti gba fíríìdọ̀mù lè máa to wáyà púlọ́ọ̀gì 1, 3, 4, 2 láìrònú rárá, ọwọ́ ló ti mọ́ ọn lára. Ẹ dúró tì í.

Ẹ yí pọ́líì títí àmì ara ẹ̀ á fi bá ojú ibi tí ikùn ẹ́ńjìnnì ti pín sí méjì mu. Ẹ ṣí ìdérí dísítríbútọ̀. Àmì kékeré kan wà ní etí abọ́ ẹ̀, bíi pé wọ́n fi fáìlì gé e, àmì nọ́ḿbà 1 nìyẹn. Rótọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Tó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ má tíì pariwo, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni pọ́líì ń débẹ̀ kí dísítríbútọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé sílíńdà 3 lẹ bá lórí kọ̀ǹpurẹ́ṣọ̀n (ìgbà tí písítìnnì ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀). Ẹ yí pọ́líì lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti mọ̀ dájú, ẹ ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ọ̀tún, ẹ fọwọ́ mi tápẹ́ẹ̀tì sílíńdà 1, tí méjèèjì bá ń mì díẹ̀, àwọn fáàfù ẹ̀ ti pa dé, ibẹ̀ lẹ wà. Tó bá wá jẹ́ pé fáàfù 1 pa dé, tí rótọ̀ sì ń wo 3, a jẹ́ pé ọ̀pá tó ń yí dísítríbútọ̀ ni wọ́n gbé sí i lódìkejì nígbà tí wọ́n ń tò ó.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn gbé wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí lójú méjì, pé á ṣiṣẹ́. Á ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn dísítríbútọ̀ kan tó bá Ìjàpá wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá iná sílíńdà 3 dúró díẹ̀, torí kúlà ọ́ìlì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ níwájú ẹ̀, òun ló sì ń gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá gbé wáyà yí, sílíńdà 1 lẹ dá dúró, 3 tó ń gbóná ò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà. Èmi á yọ ọ̀pá yẹn, màá gbé e sí i bó ṣe yẹ, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Tápẹ́ẹ̀tì: 0.15 mílímítà ní tútù, fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń tú èéfín jáde. Púlọ́ọ̀gì: nǹkan bíi 0.6 sí 0.7. Kọ́ńtáàkì inú dísítríbútọ̀: 0.4. Fíìlà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, ẹ má fi bíléèdì àti ojú ṣe é.

Táímíìnì fún ìgbà àkọ́kọ́ ò le. Ẹ wo àmì tó bá pọ́líì àti dísítríbútọ̀ tiyín mu, torí kò dọ́gba láti ọdún kan sí òmíràn, àmọ́ 7.5 dígíríì kí písítìnnì tó dé òkè ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó gbé dísítríbútọ̀ 009 (irú kan tí Bosch ṣe) sórí máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé pọ́líì síbẹ̀. Ẹ so gúlóòbù tésítà kan mọ́ ojú kọ́ọ̀lì tí wọ́n kọ 1 sí, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kejì kan irin ẹ́ńjìnnì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ tú bóòtù ìdí dísítríbútọ̀ díẹ̀, ẹ wá máa yí i jẹ́jẹ́. Ibi tí gúlóòbù ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni kọ́ńtáàkì ti ń ṣí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè é mọ́. Àwọn tó gbọ́n máa ń fi bírò pupa sàmì síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i bó bá yẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: epo, àti iná tí a ò fẹ́

Ẹ má lo epo tó ti wà nínú táǹkì látìgbà tí ẹni tó tà á fún yín ti pa á tì. Ẹ tú u dànù, ẹ wo ìdọ̀tí tó bá jáde, ẹ fi fílítà kékeré tuntun sí ojú hóòsì. Gbogbo hóòsì epo ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú kílíìpù ní orí méjèèjì. Páńpù epo ní ọ̀pá kan nísàlẹ̀ tó ń tì í, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń fún bátìrì ẹ́ńjìnnì yín níná, 108 mílímítà ni ọ̀pá ẹ̀, tó bá jẹ́ ọltanétọ̀, 100 ni. Tẹ́ ẹ bá fi èyí rọ́pò ìyẹn, páńpù á fọ́ tàbí kó má fa epo rárá.

Ẹ di páìpù kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀ mú, ẹ fọwọ́ fà á. Tó bá ń mì, ẹ mú un lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe kó tó dọ̀la, torí tó bá já jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná àti dísítríbútọ̀ lepo máa tú lé, bí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ṣe jóná nìyẹn. Ikùn ẹ́ńjìnnì yìí ní magnesium nínú, tó bá ti gbiná kì í gbọ́ ti omi, omi á tún jẹ́ kó le sí i ni. Ẹ gbé páńpù ìpaná oníyẹ̀fùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín àti gárawá yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Kì í ṣe ti kí wọ́n gbé e pa mọ́ sínú búùtù, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ tó o.

Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ bóyá nǹkan dún "táì" lára kabúrétọ̀. Fáàfù kékeré tó ń gé epo ìjókòó jẹ́jẹ́ ni, tí kò bá dún, wáyà ẹ̀ ò wọlé, ẹ́ńjìnnì á jí tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ iná (pẹ́dà tó ń fún un lépo), á sì kú tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mo ti rí i tí wọ́n tú kabúrétọ̀ palẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wáyà yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yí i

Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú gáréèjì tí ilẹ̀kùn pa dé, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì ò ní òórùn, ó sì ń pani. Àárọ̀ ló dáa jù kí oòrùn tó mú. Ẹ sì bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, torí ariwo ogún ìṣẹ́jú ló ń bọ̀ yìí, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sí àsìkò ìrun.

Fánbẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí. Ó yẹ kẹ́ ẹ lè fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Gbogbo páànù tó bo ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká kàn gbọ́ ohùn ẹ̀ ná, ká tó dé e." Ìjàpá ò lómi, afẹ́fẹ́ fáànù nìkan ló ń tù ú, páànù yẹn ló sì ń darí afẹ́fẹ́ lọ sára sílíńdà.

Èèyàn méjì ló tó. Ọ̀kan nídìí kọ́kọ́rọ́ tó ń wo iná ọ́ìlì, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù, ẹ ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹ da púlọ́ọ̀gì padà, ẹ da wáyà kọ́ọ̀lì padà, ẹ tẹ iná lẹ́ẹ̀mejì kí ṣóòkì lè pa, ẹ yí i. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ sinmi. Tí táímíìnì àti epo bá ti rí bó ṣe yẹ, kì í pẹ́ kó tó jí.

Bó bá ti jí báyìí, ẹ má jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí 2000 sí 2500 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ẹ máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀ láàárín ibẹ̀, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa bá yín jà lórí èyí, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má réèsì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí àmọ́ kò bá kámúṣáfù mu. Ọ́ìlì tí kráńkì ń fọ́n káàkiri ló ń dé ara kámúṣáfù àti lífítà, tí kráńkì bá ń yí jẹ́jẹ́, ọ́ìlì tó ń débẹ̀ kéré, ojú irin méjèèjì tí wọn ò tíì mọ ara wọn á wá máa jẹ ara wọn. Ìjàpá ò ní mítà ìyípo lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ yá tésítà tó ní i lọ́wọ́ ríwáyà, tàbí kẹ́ ẹ fi etí mú un: bí ohùn ẹ̀ ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́ ní gíá kẹta.

Ó máa rú èéfín. Ẹ má bẹ̀rù, ọ́ìlì tí wọ́n fi to nǹkan pọ̀ ló ń jó dànù, pẹ̀lú ọ̀dà ara sàlẹ́ńsà tuntun. Ẹ pa á kíá tí iná ọ́ìlì bá tàn, tí iná jẹnẹrétọ̀ bá dédé tàn (fánbẹ́ẹ̀tì lè ti já, a jẹ́ pé fáànù ò yí mọ́), tẹ́ ẹ bá gbóòórùn epo tútù, tàbí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń lu gbì gbì gbì láti inú.

Tó bá kọ̀

Kíkísítátà ò yí rárá, tàbí ó kàn ń dún "tá." Ẹ wo bátìrì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ abẹ́ mọ́tò lọ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì. Ẹni tó bá kun ọ̀dà sí bọ́dì tuntun máa ń kùn ún sí ibi tí wáyà yẹn ń jókòó sí, iná ò sì ń gba inú ọ̀dà kọjá. Ẹ ha á títí irin á fi hàn.

Ó ń yí, kò gbiná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé iná wà? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan, ẹ fi sí ẹnu wáyà ẹ̀, ẹ fi ara ẹ̀ kan irin níbi tó jìnnà sí epo, kí wọ́n yí i. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta "ṣáì" lẹ fẹ́. Tí kò bá sí, ẹ fi tésítà wò ó bóyá iná ń dé ojú 15 lórí kọ́ọ̀lì. Tó bá ń débẹ̀, kọ́ńtáàkì ni kẹ́ ẹ wò. Kọ́ńtáàkì tuntun máa ń ní ọ̀rá tí wọ́n fi pa á kó má baà dípẹtà, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti bẹntiróò díẹ̀ nù ún. Ẹ tún wo wáṣà pílásítíìkì kékeré tó wà níbi tí wáyà ń gbà wọlé, tí wọ́n bá tò ó lódì, iná á máa bọ́ sára irin, kọ́ọ̀lì ò ní ta rárá, ó sì máa ń dà bíi pé kọ̀ǹdẹ́ńsà ló kú. Kẹ́ ẹ sì tó ra kọ̀ǹdẹ́ńsà, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dán an wò, torí nínú àwọn tuntun inú ọjà báyìí, ọ̀pọ̀ ò ju ti àtijọ́ lọ.

Iná wà, kò ṣì gbiná. Ẹ yọ ìdérí kabúrétọ̀, ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, kí ẹnì kan tẹ iná. Epo gbọ́dọ̀ ta jáde bíi ìfọ́n omi tín-ín-rín. Tí kò bá ta, páńpù tàbí ọ̀pá ẹ̀, tàbí hóòsì tí wọ́n so lódì. Tó bá ń ta, tí púlọ́ọ̀gì sì jáde ní tútù rinrin, epo ti pọ̀ jù, ẹ gbẹ́ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ iná dé ìsàlẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó tún yí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo sí ọ̀fun kabúrétọ̀ látinú ìgò. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nírun lójú mọ́.

Ó ń sín gba inú kabúrétọ̀, "pọ̀!" Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Wáyà púlọ́ọ̀gì ló pọ̀ jù lọ níbẹ̀, lẹ́yìn náà táímíìnì tó yá jù, lẹ́yìn náà fáàfù tí tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ há jù tí kì í pa dé. Tó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà ló ń yìn, táímíìnì ti pẹ́ jù nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó jí, ó sì kú. Tí wáyà fáàfù tó ń gé epo bá ti wọlé, ẹ wo rọ́bà tó so páìpù afẹ́fẹ́ mọ́ tọ́pù sílíńdà. Ẹ fi hóòsì kékeré kan sí etí, ẹ fi orí kejì wá ibi tó ń mí "fìì." Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láìgba inú kabúrétọ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fọ́n epo síbẹ̀ láti rí i, lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, mi ò fọwọ́ sí i.

Ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ẹ fi púláyà tó ní rọ́bà fa wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kúrò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà. Èyí tẹ́ ẹ fà tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, òun ni kì í ṣiṣẹ́. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì ẹ̀ fún sílíńdà mìíràn, tí àìsàn náà bá bá púlọ́ọ̀gì lọ, ẹ ra tuntun. Tí kò bá bá a lọ, ẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò, ká tó máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpurẹ́ṣọ̀n. Ẹ má wọn kọ̀ǹpurẹ́ṣọ̀n rìńgì tuntun kí ẹ sì máa sunkún lọ́jọ́ kìíní, ó máa gòkè tó bá rìn díẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra.

Tápẹ́ẹ̀tì ń dún tẹ́ táì tẹ́ táì. Ẹ jẹ́ kó máa dún. Nínú ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́, tápẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́, torí èyí tó dákẹ́ lè jẹ́ pé ó ti há, fáàfù tó bá sì há á jóná. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni ohùn jíjinlẹ̀ tó ń pọ̀ sí i tẹ́ ẹ bá tẹ iná, tí iná ọ́ìlì sì ń ṣẹ́jú. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ pa á fún, kẹ́ ẹ sì tú u.

Ọ́ìlì ń kán. Tó bá ń kán láti ara àwọn páìpù tó wà láàárín ikùn ẹ́ńjìnnì àti tọ́pù sílíńdà, rọ́bà orí wọn ni, tàbí pé wọ́n kọ ojú ìdápọ̀ páìpù sísàlẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà lókè. Tó bá ń kán láti àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, rọ́bà ẹ̀yìn fúláìwíìlì ni, ẹ́ńjìnnì á jáde. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú

Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, ẹ tú ọ́ìlì yẹn dànù bó ṣe tuntun tó, ẹ má ṣàánú owó ẹ̀, torí gbogbo ìdọ̀tí tó wá láti ara rìńgì àti ìyókù ló wà níbẹ̀. Ẹ yọ asẹ́, ẹ gbọn ọ́n sórí aṣọ funfun níbi oòrùn. Eruku dúdú díẹ̀ ò burú. Èérún irin tó ń dán yanranyanran, pàápàá tó bá ní àwọ̀ kọ́pà, bẹ́árìnnì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe sí 0.15 padà ní tútù, torí gbogbo nǹkan ti jókòó. Ẹ wá fi iná táímíìnì wò ó pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Dísítríbútọ̀ 009, 28 sí 32 dígíríì ni ó yẹ kó wà tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí bíi 3500 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan.

Rìńgì kì í jókòó lójú kan, ó fẹ́ ẹrù díẹ̀ lórí. Ẹ gbé e lọ sọ́nà Ìkirun tàbí Èdè láàárọ̀ kí gó-slow tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ iná díẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi iyara kan ṣoṣo lọ títí. Ẹ má gbé e ní gíá kẹrin gun òkè bíi Òkè-Fìà kẹ́ ẹ wá máa fagbára mú un, ẹ já a sí gíá kejì, kó máa sáré fẹ́rẹ́, ó dáa fún un ju kó máa gbọ̀n lọ. Fún bíi 800 kìlómítà àkọ́kọ́, èéfín búlúù díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná ò ní kẹ́ ẹ pe ọ̀gá lóru. Ẹ kàn máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wò ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ra epo, ọ́ìlì lítà 2.5 kò pọ̀. Lẹ́yìn náà, tápẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì ní bíi gbogbo 5000 kìlómítà.